Gbígbọ́ Ohùn Ọmọ Kí A Tó Bí I

"A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Kò sí aboyún tí yóò la ọjà Ajuwon kọjá, tí yóò wọ ọkọ̀ ní Mowe, tàbí tí yóò jáde nílé ìsìn ní Ibafo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí, tí ẹnìkan kò ní ṣe àdúrà yìí fún un. Nígbà tí a bá ń ṣe é, igbe ọmọ tuntun ló wà lọ́kàn wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ń fọhùn kí ó tó ké. Láti ìgbà tí ìrọbí bá ti mú ìyá rẹ̀ títí orí rẹ̀ yóò fi yọ, ọkàn rẹ̀ ń lù, bí ó sì ṣe ń lù ni ó fi ń sọ fún wa bóyá ara rọ̀ ọ́ tàbí ara ń ni ín. Orí ìwé yìí dá lórí bí a ṣe ń gbọ́ ohùn yẹn: ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ, ìgbà mélòó ló yẹ kó gbọ́ ọ, àti ohun tí ẹ ó sọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì wá gbọ́ ọ.

Mo kọ ọ́ fún aboyún fúnra rẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún ẹni tí yóò bá a lọ: ọkọ, ìyá ọkọ, àbúrò, aládùúgbò. Ẹni tí ìrọbí mú kò lè máa wo aago. Ẹlòmíràn ni yóò bá a wò ó.

Ohun tí ìrora ń ṣe fún ọmọ

Nínú ikùn, ibi ni ọmọ fi ń mí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá ń gbé atẹ́gùn wá sí ibi, ìwọ́ sì ń gbà á lọ fún ọmọ. Bí ìrora bá dé, tí ilé ọmọ fún pọ̀, tí ikùn le gbagidi, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá yóò fún pọ̀ mọ́ ọn, bí ìgbà tí ènìyàn fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ yóò dín kù. Ìrora a lọ, ẹ̀jẹ̀ a tún ṣàn, ọmọ a tún rí èémí. Bí òmùwẹ̀ ló rí: ó rì, ó yọ, ó mí, ó tún rì.

Ọmọ tó gbó dáadáa, tí ibi rẹ̀ sì pé, lè ṣe èyí láti àárọ̀ di alẹ́ kó má rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà tí agbára wọn kò tó bẹ́ẹ̀: ọmọ tí oyún rẹ̀ ti kọjá ọjọ́ tí ibi rẹ̀ sì ti ń gbó, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọmọ tó kéré ju bó ti yẹ lọ, ọmọ tí ara ìyá rẹ̀ gbóná, tàbí èyí tí omi ti dà lára ìyá rẹ̀ láti àná. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìwọ́ ni yóò há sáàárín orí ọmọ àti egungun ìbàdí ìyá.

Ohun kan wà tó lè mú ọmọ tí ara rẹ̀ le pàápàá rì láìyọ: kí ìrora máa lé ara wọn bá. Bí ó bá ju márùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ kò ní àyè láti mí. Nítorí èyí ni mo ṣe ń bẹ̀ yín lórí àgbo tí wọ́n ní ó ń mú ọmọ tètè wá, àti lórí abẹ́rẹ́ tí àwọn kan ń gún sí ìdí láti fi lé ìrọbí. Oxytocin tó sábà máa ń wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, oògùn gidi ni. Ní ilé ìwòsàn, inú omi dírípù ni wọ́n ń fi í sí nígbà tí ọmọ kò tíì wá. Wọ́n á máa ka bó ṣe ń kán, wọ́n á sì dá a dúró lójú ẹsẹ̀ bí ọkàn ọmọ bá yí padà. Èyí tí wọ́n bá gún sínú ẹran ara kí ọmọ tó wá, ta ni yóò fà á jáde? Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti bọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà o: abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń gún fún ìyá kí ẹ̀jẹ̀ má baà ya lára rẹ̀. Ẹ má kọ ìyẹn.

Etí ènìyàn àti aago

Ní ọdún 1821, dókítà ará Faransé kan tó ń jẹ́ Kergaradec fi ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ọkàn tẹ́tí sí ikùn aboyún. Ó ń wá bí òun yóò ṣe gbọ́ ìró omi tí ọmọ ń rìn nínú rẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni ìlù kan tó ń sáré ju ìlù ọkàn ìyá lọ. Ní 1895, ará Faransé mìíràn, Adolphe Pinard, ṣe irú èyí tí àwọn agbẹ̀bí ṣì ń lò títí dòní tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè. Bí nọ́ọ̀sì bá mú ohun kan jáde tó jọ àrọ tí a fi ń rọ epo sínú ìgò, ìbáà jẹ́ onígi, onírin tàbí oníke, Pinard nìyẹn. Kò lo bátìrì, kò sì lo iná. Ní àdúgbò tiwa, tí iná lè lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí obìnrin kan tó bímọ tán, ohun tí kò lo iná kì í ṣe ohun tí à ń fojú tín-ín-rín.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ kò ní kàn gbé e lé ikùn. Yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì yẹ ikùn wò láti mọ ibi tí ẹ̀yìn ọmọ wà, torí ibẹ̀ ni ìlù ọkàn ti ń dún jáde jù. Yóò gbé ẹnu tó fẹ̀ lé ibẹ̀, yóò fi etí ti ẹnu kejì, yóò sì yọwọ́ kúrò lára rẹ̀ kí ariwo ìka má baà dí i lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò di ọrùn ọwọ́ ìyá mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń tù ú nínú ni. Ìlù méjì ló ń fi wéra.

Ẹ rántí ìlù bàtá: ìyá ìlù ń lọ lọ́nà tirẹ̀, omele ń yára lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkàn ìyá sábà máa ń lù láàárín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrora àti ara gbígbóná lè gbé e ga jù bẹ́ẹ̀. Ọkàn ọmọ ń lù láàárín 110 sí 160. Ẹni tí kò bá di ọwọ́ ìyá mú lè máa ka ìyá ìlù kó rò pé omele ni, kí ó máa sọ pé gbogbo nǹkan dára nígbà tí ọmọ ti ń lọ. Ẹ̀rọ pàápàá ń ṣe àṣìṣe yìí.

Ìgbà wo ló yẹ kó gbọ́ ọ? Níparí ìrora, kí ó sì máa gbọ́ ọ lọ fún ìṣẹ́jú kan gbáko ó kéré tán lẹ́yìn tí ikùn bá ti rọ̀. Òmùwẹ̀ tó ti rẹ̀, ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lókè omi la ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ikùn ti rọ̀ pátápátá, tó fetí sí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó sì fi mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, kò tíì gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí ìrọbí bá ti mú dáadáa, kí wọ́n máa gbọ́ ọmọ ní ìṣẹ́jú 15 sí 30 síra wọn. Bí ìyá bá ti ń fún ọmọ, kí ó di ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.

Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kékeré aláfọwọ́mú tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní Sonicaid, inú mi á dùn fún yín, torí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ni yóò gbọ́ ọmọ. Obìnrin tó ti ń sunkún láti àárọ̀ á dákẹ́ láti fetí sí i. Ṣùgbọ́n kíkà ṣì ni kíkà, ọwọ́ ìyá ṣì ni dídì mú.

Ẹ̀yin tí ẹ bá a lọ, iṣẹ́ yín rèé. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ń kọ nǹkan sí lórí fóònù yín, kí ẹ kọ aago tí wọ́n gbọ́ ọmọ àti iye tí wọ́n kà. Bí ó bá ti ń lọ sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò dé, ẹ dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbọ́ ọmọ. Ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú." Bí wọ́n bá gbọ́ ọ tán: "Mélòó ni, mà?" Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè máa tọ́jú obìnrin mẹ́rin lóru, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ti wú. Ìránnilétí tó fi ọ̀wọ̀ hàn kì í ṣe ìjà. Bí ó bá sì bínú, kí ó bínú, bó bá ṣáà ti gbọ́ ọmọ.

Bí iye tó kà bá ju 160 lọ tí kò sì wálẹ̀, yóò wo ara ìyá bóyá ó gbóná, bóyá omi ti gbẹ lára rẹ̀, bóyá àrùn ti wọ inú omi ọmọ. Bí ó bá wà lábẹ́ 110 tí kò sì gòkè, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni. Èyí tí ń dẹ́rù ba agbẹ̀bí jù ni ọkàn tó ń lọ sílẹ̀ bí ìrora bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, tó ń pẹ́ kó tó gòkè, tó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìrora mìíràn bá dé. Òmùwẹ̀ náà kò rí èémí gbà tó mọ́ nìyẹn. Nígbà tí ìyá bá ń fún ọmọ, tí orí ọmọ ń fún gba ọ̀nà kóóró, ọkàn rẹ̀ lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ kó sì padà kíákíá. Agbẹ̀bí kò ní torí ẹyọ kan bẹ́ẹ̀ figbe ta, àmọ́ yóò gbọ́ ọ nígbà ìrora tó tẹ̀ lé e àti èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Ẹ má fi owó ra ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọmọ nílé. Fóònù yín náà kò lè gbọ́ ọmọ, ohunkóhun tó wù kí wọ́n sọ fún yín. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí á gbọ́ ìró ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú ibi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, á sì jókòó sílé ní ọjọ́ tó yẹ kó ti wà lọ́nà. Bí ọmọ tó ti ń sọ kúlúkúlú nínú yín bá dákẹ́, kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má mu mólìtì tútù kí ẹ sì máa retí. Ẹ lọ kí wọ́n gbọ́ ọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Omi tó dà

Bí omira bá já, ẹ wo aago, kí ẹ sì wo àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó dára dà bí omi àgbọn. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè là á kọjá bí òwú. Bí ó bá ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè, ọmọ ti ṣu sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí oyún wọn ti pé tàbí tó ti kọjá ọjọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Èyí tó ki bí ewédú ló ń kó ìpayà báni, pàápàá tí ìlù ọkàn kò bá dára, nítorí ọmọ tí ara ń ni lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ilé, kò sì yẹ ní ibi tí kò sí dókítà. Ẹ fi páàdì tàbí aṣọ funfun sí i, kí ẹ sì mú un dání lọ han nọ́ọ̀sì. Ẹ má tijú, ẹ má sì fọ̀ ọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ pupa bá ń ṣàn, tí ikùn le tí kò rọ̀ láàárín ìrora kan sí èkejì, ibi lè ti máa ṣí kúrò lára ilé ọmọ. Ẹ má ka wákàtí mọ́, ìṣẹ́jú ni kí ẹ kà.

Bí ìwọ́ bá sì ṣáájú ọmọ jáde, kí ìyá kúnlẹ̀, kí ó gbé àyà àti orí kanlẹ̀, kí ìdí rẹ̀ wà lókè, kí orí ọmọ má baà jókòó lé ìwọ́. Ẹ má ti ìwọ́ náà padà, ẹ má fọwọ́ pa á. Bí kò bá ṣeé kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ ká jọ gbé ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó kúrò nílé, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ sọ: "Ìwọ́ ti jáde." Wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa tò sílẹ̀.

Ìwé tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì

Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá gbọ́, ó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀ sórí bébà kan tó ní ilà àti àpótí kéékèèké. Partograph ni wọ́n ń pè é. Ìtàn rẹ̀ kàn wá gan-an, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀.

Ní 1954, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Emanuel Friedman, ya àwòrán bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí láti wákàtí dé wákàtí. Ní 1972, Philpott àti Castle, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Zimbabwe lónìí, fa ìlà kan sórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀: ó yẹ kí ẹnu ilé ọmọ máa ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì fà sẹ́yìn ìlà náà, kí agbẹ̀bí tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi. Ọgbọ́n tó wúlò ni fún ibi tí ilé ìwòsàn ti jìnnà sí ilé ìgbẹ̀bí. Ó tàn ká ayé. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìlà yẹn di pàṣán lọ́wọ́ àwọn kan: bí obìnrin bá ti fi wákàtí díẹ̀ pẹ́, wọ́n á so dírípù mọ́ ọn tàbí kí wọ́n gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn ọmọ inú rẹ̀ ń lù kìkì bí omele.

Ọ̀kan nínú àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ni Dókítà Olúfẹ́mi Ọládàpọ̀, tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Onábánjọ ní Ṣàgámù níbí kí ó tó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó sún mọ́ 10,000 ní ilé ìwòsàn 13 ní Nàìjíríà àti Uganda, láti òpin 2014 wọ 2015. Nígbà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, ó hàn pé ọ̀pọ̀ obìnrin kì í ṣí ní sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan, pàápàá kí wọ́n tó dé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, wọ́n sì ń bí ọmọ tí ohunkóhun kò ṣe. Ní ọdún yẹn kan náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ni kí a ti máa ka ìrọbí sí èyí tó ti mú. Ní 2020 wọ́n gbé ìwé tuntun jáde tí kò ní ìlà àtijọ́ yẹn mọ́. Ohun tó wà lókè pátápátá nínú rẹ̀, kó tó kan ọkàn ọmọ àti omi, ni ìbéèrè yìí: ǹjẹ́ ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá?

Mo fẹ́ kí ẹ mú nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìrọbí tó ń falẹ̀ nìkan kò tó láti kó jìnnìjìnnì bá yín. Bí ìyá bá wà dáadáa, tí ọkàn ọmọ ń lù láàárín 110 sí 160 tí kò sì ń já lẹ́yìn ìrora, àyè sùúrù wà. Bí ọkàn ọmọ bá sì ti yí padà, ìrọbí ìbáà yá bí ẹṣin, àyè sùúrù ti tán. Èkejì, bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ bá yín lọ. Bí wọn kò bá lè yọ̀ǹda rẹ̀, ẹ yà á sórí fóònù. Dókítà tó ń gbà yín lọ́wọ́ wọn ní ààjìn kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ onígbànú

Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ lè rí ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìgbànú méjì so mọ́ ikùn. Ọ̀kan ń gbọ́ ọkàn ọmọ, ìkejì ń wọn ìrora, bébà gígùn sì ń jáde lára rẹ̀. CTG ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan rò pé ibi tí kò bá ti ní i kò mọṣẹ́. Ní Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, wọ́n fi obìnrin tó lé ní 12,000 ṣe ìwádìí tó jáde ní 1985: wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àwọn kan, agbẹ̀bí sì ń fetí gbọ́ ti àwọn yòókù lóòrèkóòrè. Iye ọmọ tó kú kò yàtọ̀. Gìrì àwọn ọmọ tuntun dín kù lọ́dọ̀ àwọn tó lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà wo àwọn ọmọ náà ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àwọn tí ọpọlọ àti ẹsẹ̀ wọn ní àléébù kò dín níhà kan ju ìkejì lọ. Ìwádìí mìíràn tún fi hàn pé àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ń bọ́ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ ju àwọn yòókù lọ.

Ẹ má ṣi èyí gbọ́. Ní Dublin yẹn, agbẹ̀bí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kọ̀ọ̀kan. Etí tó dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀rọ ni etí tó wà níbẹ̀. Pinard tó wà nínú dúrọ́ọ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni CTG tí wọ́n so mọ́ni tí kò sẹ́ni tó ń ka bébà rẹ̀. Fún ìyá tí ara rẹ̀ le, tí ìrọbí fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò ní kí wọ́n so ẹ̀rọ yìí mọ́ ọn títí. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, ẹni tó wà lórí dírípù oxytocin, aboyún ìbejì, ẹni tí omi rẹ̀ ki bí ewédú: bí àwọn wọ̀nyí bá rí ẹ̀rọ, kí wọ́n lò ó.

Ní àwọn ọdún 1960, Erich Saling ní Berlin bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín láti awọ orí ọmọ kí wọ́n tó bí i, láti mọ̀ bóyá àìrí atẹ́gùn ti mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan. Ó gba yàrá àyẹ̀wò tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni kí dókítà fi ìka ra orí ọmọ nígbà tó bá ń yẹ ìyá wò. Bí ọkàn ọmọ bá ta kìjí tó sì sáré sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ náà ṣì lágbára.

Bí nǹkan bá yí padà

Nọ́ọ̀sì gbọ́ 95. Ó tún gbọ́ ọ, 90 ni. Ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí yára. Bí dírípù tó ń lé ìrọbí bá wà, yóò tì í pa. Yóò ní kí ìyá yí sí ẹ̀gbẹ́ òsì, torí ẹni tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé ọmọ a tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti bí ara ṣe gbóná, yóò yẹ abẹ́ wò bóyá ìwọ́ ti jáde, yóò sì pe dókítà. Bí ọkàn ọmọ kò bá padà bọ̀ sípò, ó di pé kí ọmọ jáde: bí orí rẹ̀ bá ti sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n lè fi ẹ̀rọ fà á, bí kò bá tíì débẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gun orí ikùn ìyá láti fi ìgbọ̀nwọ́ ti ọmọ jáde, ẹ má gbà.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ilé ni kí ẹ ti sọ ọ́ tán, kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbàdúrà pé ká bí bí obìnrin Hébérù, mo sì ń ṣe àmín sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ọkọ, ìyá ọkọ àti pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó ń gbàdúrà fún yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé bí wọ́n bá ní ọkàn ọmọ ti ń já, ẹ ó fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tó ti dàgbà lè fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Kò yẹ kí ọmọ máa rì nígbà tí wọ́n ń wá baba rẹ̀ lórí fóònù ní Ọshòdì.

Ọ̀nà

Ajuwon wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀, Mowe àti Ibafo wà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ṣùgbọ́n ìrọbí kò mọ ààlà. Ará Ajuwon lè rí i pé ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìfàkò-Ìjàyè, tàbí LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ló yá òun ju ibikíbi ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ. Ẹni tó wà ní Ifọ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba nítòsí rẹ̀, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì wà níwájú rẹ̀ bí ó bá di dandan láti dé FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀. Ti Mowe àti Ibafo, Ṣàgámù ni tàbí Èkó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó bá wà lójú pópó lọ́jọ́ náà ni yóò yàn fún yín. Ẹ rántí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nígbà tí èrò ń ya lọ sí Ibùdó Ìràpadà (Redemption Camp) ní ojú ọ̀nà yẹn. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yín bá bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ bá awakọ̀ tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì ní nọ́ḿbà ẹnìkejì lọ́wọ́.

Ibi tí ẹ ó bí sí, ẹ lọ síbẹ̀ nígbà tí ara yín ṣì dá ṣáṣá, kí ẹ béèrè. Kí ni ẹ fi ń gbọ́ ọmọ? Ìgbà mélòó láàárín wákàtí kan? Ta ló máa wà níbí ní aago méjì òru? Bí ọkàn ọmọ bá ń já, ibo lẹ máa gbé wa lọ, mọ́tò ta sì ni? Ẹ bi ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ bi ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ sì bi ìyá agbẹ̀bí tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ bí ẹ bá ní ọ̀dọ̀ wọn lẹ máa lọ. Ẹni tó bá dáhùn pé "Ọlọ́run ló ń gbọ́ ọ" ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì dá yín lóhùn. Bí ẹ bá débi tí kò ti sí Pinard, tí kò sí Sonicaid, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní aago lọ́wọ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Nígbà tó bá dé

Igbe tí a ti ń gbàdúrà fún dé. Ní ìṣẹ́jú kìíní àti ìkarùn-ún, wọ́n á fún ọmọ ní máàkì lórí mẹ́wàá, nínú ọkàn lílù, mímí, àwọ̀ ara, ipá inú iṣan àti bó ṣe ń jẹ́ni lóhùn. Virginia Apgar, dókítà obìnrin ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1952, orúkọ rẹ̀ ló ṣì ń jẹ́. Bí ọmọ kò bá ké, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dì í lẹ́sẹ̀ mú kó dorí kodò, kó má gbá a ní ìdí, kó má sì da omi tútù sí i lára. Wọ́n á nù ún gbẹ kíákíá, wọ́n á ra ẹ̀yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì mí, kí ìṣẹ́jú kan tó pé ó yẹ kí wọ́n ti máa fi àpò àti ìbòmú fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ wo igun yàrá nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ wọlé, bóyá àpò yẹn wà níbẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú káàdì: àwọ̀ omi, iye tí ọkàn ọmọ ń lù kẹ́yìn kí wọ́n tó bí i, máàkì ìṣẹ́jú kìíní àti ìkarùn-ún, àti ìdí tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ bí wọ́n bá ṣe é. Ẹ kó káàdì náà pamọ́ síbi tí ìwé ilé wà. Bí ẹ bá lóyún mìíràn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ mú fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀.